FÍÌMÙ WO LÓ JẸ WÁ NÍ APÁ KEJÌ?

Ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé ìrántí yìí yọ̀ǹda ojú ewé díẹ̀ fún wa láti sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ kà sí eré ọmọdé. Ẹ má bínú sí wa. Ọ̀rọ̀ tó fa àríyànjiyàn láàrin àwọn ọ̀dọ́ wa láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ títí àkùkọ fi kọ, ní òru tí a ń se oúnjẹ àpèjẹ ọdún ní Kàdúná níbí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré mọ́.

Ohun tó dá a sílẹ̀ ni fíìmù Demon Slayer: Infinity Castle, èyí tí wọ́n gbé jáde ní Jàpáànì ní oṣù Keje ọdún 2025. Àwọn kan ní ó dára ju Mugen Train ti ọdún 2020 lọ. Àwọn kejì ní rárá, wọ́n ní owó ni wọ́n ń wá kiri, pé bí kì í bá ṣe ti owó, kí ló dé tí wọ́n fi máa pín ìparí ìtàn kan ṣoṣo sí fíìmù mẹ́ta? Ọ̀rọ̀ di pé ẹnì kan ń pe ẹnì kejì ní aláìmọ̀kan, omi ọbẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ lórí iná. Wọ́n wá ní kí àwa mẹ́rin tí a ti kọjá ọmọ ogójì ọdún, tí a sì ti ń wo kátúùnù Jàpáànì láti ayé fídíò kásẹ́ẹ̀tì, dá ẹjọ́ náà fún wọn. A ní kí wọ́n fún wa láyè ká lọ rò ó. A ti rò ó.

Fún àwọn òbí wa tí kò tíì mọ ohun tí à ń wí, kátúùnù tí àwọn ará Jàpáànì ń yà, tí wọ́n ń pè ní anime, kì í ṣe ti ọmọdé nìkan. Ìtàn ogun wà níbẹ̀, ìtàn ìfẹ́ wà níbẹ̀, ti ọlọ́pàá, ti ọ̀fọ̀, ti ìyàn. Àwa fúnra wa ti rí i kí a tó mọ orúkọ rẹ̀. Voltron tí a máa ń sáré ti ilé ìwé dé wò lórí tẹlifíṣọ̀n ní àwọn ọdún 1980, kìnnìún márùn-ún tí wọ́n ń so pọ̀ di òmìrán kan, Jàpáànì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní 1981. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló wá gé e, tí wọ́n sì fi ohùn àti ìtàn mìíràn sí i. Lẹ́yìn èyí ni Dragon Ball Z àti Pokémon dé, lẹ́yìn wọn Naruto, nínú àwo tí wọ́n ń tà lójú títì, tí fíìmù bíi mẹ́wàá máa ń wà nínú àwo kan ṣoṣo. Ọ̀kan nínú wa ra irú àwo bẹ́ẹ̀ nígbà kan, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí ara páálí rẹ̀ pé apá kejì ni. Ó gbé e délé, a tan jẹnẹrétọ̀, a jókòó. Apá kìíní tí a ti wò ni! Àwòrán ara páálí nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé àwo yẹn, nítorí a ó tún fẹnu bà á.

Òfin tí a fi ń dá irú ẹjọ́ yìí kò le. A máa ń bi fíìmù léèrè pé: nígbà tí apá kìíní parí, ta ni ó jẹ ní gbèsè? Bí ìtàn bá parí, tí ẹni tó ṣẹ̀ kò tíì jìyà, tí ẹni tó lọ kò tíì padà, tí ìbéèrè tí fíìmù fúnra rẹ̀ gbé dìde ṣì wà nílẹ̀, gbèsè ń bẹ, kí wọ́n wá san án. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí gbèsè, tí ó jẹ́ pé àwa òǹwòran la kàn fẹ́ràn akọni inú eré náà, tí àwọn olówó sì rí i pé a fẹ́ràn rẹ̀, apá kejì bẹ́ẹ̀ dà bí àlejò tó jẹun tán tí kò fẹ́ máa lọ.

Kí a tó bú àwọn olówó, ẹ jẹ́ ká mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ní Jàpáànì, kì í sábà jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbé owó fíìmù kalẹ̀. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ilé ìtẹ̀wé tó ni ìwé ìtàn náà, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé, ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde, gbogbo wọn a dá owó jọ, wọ́n a di ìgbìmọ̀ kan, èrè a sì máa lọ sọ́dọ̀ kálukú bí owó rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó. Bí fíìmù bá ṣubú, àdánù náà kò ní pa ẹnì kan ṣoṣo. Ó bọ́gbọ́n mu, àwa oníṣòwò inú ẹgbẹ́ yìí náà kò ní ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ìgbìmọ̀ olówó kì í fẹ́ràn ohun tí ọjà kò tíì rí rí. Orúkọ tí ọjà ti mọ̀ ni wọ́n ń bá lọ, ìdí sì nìyí tí apá kejì fi ń pọ̀ bí eṣú.

Ìṣe yìí kò jìnnà sí wa nílé náà. Ta ni nínú wa tí kò tíì ra fíìmù Yorùbá apá kìíní rí, tí ìtàn gbóná tán, tí wọ́n ní kí a máa retí apá kejì, tí apá kejì wá fi ìdajì wákàtí tún apá kìíní sọ? Síbẹ̀, nígbà tí Túndé Kèlání ṣe Saworoidẹ ní 1999, tí ó fi Agogo Èèwọ̀ tẹ̀lé e ní 2002, kò sẹ́ni tó ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ọ̀rọ̀ ìlú Jogbo, ti ọba àti àwọn olóyè tó ń jẹ owó ìlú, kò tíì tán nílẹ̀. Gbèsè wà níbẹ̀.

Èyí tó dùn wá jù láti sọ ni ti Broly inú Dragon Ball. Fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1993. A kò ní parọ́, a fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà: ọkùnrin tó sanra bí ìrókò, tí kò sọ̀rọ̀, tí ìkúùkù kò ràn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìdí tó fi kórìíra Goku tó ni eré. Wọ́n ní nígbà tí àwọn méjèèjì wà ní ìkókó, tí wọ́n tẹ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, Goku sunkún jù. Ó tán! Nítorí ẹkún ìkókó ni ó ṣe fẹ́ ba ayé jẹ́. Fíìmù yẹn parí, Broly ṣẹ́gun títí, wọ́n sì ṣẹ́gun rẹ̀, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Àwọn ọmọ kò sì yé dárúkọ rẹ̀, ni wọ́n bá gbé e padà ní 1994, ẹ̀ẹ̀mejì láàrin ọdún kan náà. Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹta, kì í ṣe Broly gan-an mọ́, ẹ̀dà rẹ̀ kan ni wọ́n ń dà pọ̀ mọ́ omi ẹlẹ́rẹ̀ tó ń ṣàn káàkiri, Goku fúnra rẹ̀ kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fara hàn. A sùn lọ kí ó tó parí, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ọdún mẹ́rìnlélógún kọjá. Ní 2018, Akira Toriyama tó dá Dragon Ball sílẹ̀ fúnra rẹ̀ jókòó, ó tún ìtàn Broly kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò kọ apá kẹrin. Ó ṣe bí ẹni pé àwọn mẹ́ta ìṣáájú kò wáyé rí. Nínú tuntun yìí, ọba ìlú wọn jowú pé agbára ọmọ yìí fẹ́ ju ti ọmọ òun lọ, ó sì rán ìkókó náà lọ sí ayé kan tí kò sí ènìyàn. Bàbá rẹ̀ sá tẹ̀lé e láti gbà á là, ọkọ̀ wọn bàjẹ́, wọ́n há síbẹ̀. Bàbá tó wá gba ọmọ là ló wá sọ ọmọ di ohun èlò ẹ̀san. Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí ọmọ náà ní jẹ́ ẹranko ńlá kan. Bàbá já etí ẹranko náà kí ọ̀rẹ́ wọn lè bàjẹ́, etí yẹn ni Broly sì so mọ́ ìdí títí tó fi dàgbà. Ó sọ èyí níbi tí ó ti ń jẹun pẹ̀lú àwọn méjì tí kò mọ̀ rí, pẹ̀lú ẹnu tó kún fún oúnjẹ, bí ọmọdé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a káàánú Broly. Ẹni tó ti wo àwọn ti àtijọ́ ni yóò mọ bí ohun tí Toriyama ṣe níbẹ̀ ti tóbi tó: ó rí i pé gbèsè kan wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwa òǹwòran ni wọ́n jẹ, Broly gan-an ni wọ́n jẹ. Toriyama kú ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2024. Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un.

Ẹ fi ìyẹn wé ohun tí wọ́n ṣe sí fíìmù Pokémon àkọ́kọ́ ti 1998, èyí tí Mewtwo wà nínú rẹ̀. Ní 2019, wọ́n fi kọ̀ǹpútà tún un yà, ìtàn kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà, ojú àwọn ọmọ ń dán bíi rọ́bà. Àwo ojú títì tí a sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn, páálí nìkan ni wọ́n pààrọ̀.

Ó yá, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ ìdájọ́. Nínú Mugen Train, Rengoku dáàbò bo igba èrò inú ọkọ̀ ojú irin, ẹnì kan ṣoṣo kò kú nínú wọn. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, ànjọ̀nú Akaza dé, ó bá a jà, ó pa á, ó sì sá wọ igbó nítorí oòrùn. Tanjiro sá tẹ̀lé e, ó ń pariwo, ó ń sunkún, ó ní ojo ni. Fíìmù parí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan Akaza. Gbèsè tó hàn sí gbogbo ayé nìyẹn, owó tí fíìmù náà pa ní Jàpáànì sì ju ti gbogbo fíìmù tó ti jáde níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ lọ.

Infinity Castle wá san án. Ẹ wo bó ṣe san án. Nígbà tí Tanjiro àti Giyu fẹ́ borí, ìjà dúró, fíìmù sì gbé wa padà sí ìgbà tí Akaza ṣì jẹ́ ènìyàn: ọmọdé tó ń jalè kó lè ra oògùn fún bàbá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, bàbá tó so nítorí ìtìjú, olùkọ́ tó gbà á sílé, ọmọbìnrin olùkọ́ náà tí ó tọ́jú títí ara rẹ̀ fi yá, ìgbéyàwó tó ku díẹ̀, àti àwọn ọ̀tá tó da májèlé sínú kànga. Ẹni tí a wá gba gbèsè lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà ni ayé jẹ ní gbèsè. A jókòó, a kò lè dunnú pé ó kú. Fíìmù tó bá lè ṣe èyí fún ènìyàn ti kúrò ní fíìmù tí a ń fi owó nìkan ṣe.

Ṣùgbọ́n kí àwọn tó ń pariwo owó má rò pé wọ́n jẹ̀bi pátápátá. Fíìmù náà ju wákàtí méjì àbọ̀ lọ. Ìjà Zenitsu àti ti Shinobu tó wà níwájú dára lójú, àmọ́ ẹni tí kò bá tẹ̀lé ìtàn náà lórí tẹlifíṣọ̀n tàbí nínú ìwé kò ní mọ ìdí tí wọ́n fi ń jà. Bí ìjà bá ti gbóná, wọ́n a dá a dúró láti rántí àná, ó sì ṣe èyí léraléra tó fi di pé ọ̀kan nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Mugen Train bẹ̀rẹ̀ ó sì parí láàrin òru kan, ènìyàn lè gbé e sọ́wọ́ wò yípo. Nítorí náà, Mugen Train ni fíìmù tó dára jù, Infinity Castle sì ni apá kejì tó lẹ́tọ̀ọ́ jù tí a ti rí láti ọdún mẹ́wàá. Kò sẹ́ni tó borí. Kí ẹ̀yin méjèèjì lọ fọ ìkòkò tí ẹ jẹ́ kó jó.

Gbèsè tún wà tí kì í ṣe ti ìjà. Ní 1995, Mamoru Oshii ṣe Ghost in the Shell, ìtàn Motoko Kusanagi, obìnrin ọlọ́pàá tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ni gbogbo ara rẹ̀, ọkàn rẹ̀ nìkan ló kù. Ó parí ìtàn rẹ̀ nípa fífi ara yẹn sílẹ̀, ó lọ. Innocence tó tẹ̀lé e ní 2004, tó sì dé ibi ìdíje Cannes lọ́dún náà, kò tẹ̀lé e lọ. Batou tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni ó dúró tì. Ó ń jí, ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń padà wá bọ́ ajá rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ ni fíìmù jẹ ní gbèsè, òun ni wọ́n sì san án fún. Àbùkù tí a rí sí i ni pé gbogbo wọn ló ń fi ọ̀rọ̀ àwọn àgbà àtijọ́ dá ara wọn lóhùn, títí kan ẹni tí ìbọn ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwa Yorùbá fẹ́ràn òwe, a sì mọ̀ nígbà tó bá ti pọ̀ jù.

Ti Evangelion ló gba sùúrù wa jù. Hideaki Anno ṣe é fún tẹlifíṣọ̀n láti 1995 sí 1996, ìpín 26. Nígbà tí a ń retí bí ogun yóò ṣe parí, inú orí Shinji, ọmọ ọdún 14, ni ó kó wa wọ̀, a kò rí ogun mọ́. Àwọn òǹwòran bínú. Ní 1997 ó ṣe The End of Evangelion, ó fi ogun náà hàn wá, a sì kábàámọ̀ pé a bèèrè, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ pọ̀ jù. Ó yẹ kó tán níbẹ̀. Ní 2007 ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀, fíìmù mẹ́rin. Àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àwo ojú títì. Ti 2009 bẹ̀rẹ̀ sí í yà bàrá. Ti 2012 fo ọdún mẹ́rìnlá lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, Shinji jí, gbogbo ènìyàn ń wò ó tìkà-tẹ̀gbin, kò mọ ohun tó ṣe. Àwa náà kò mọ̀, a tilẹ̀ dá àwo dúró ká wò ó bóyá a ti fo apá kan. A búra pé a kò ní wo ìkẹrin.

Ìkẹrin dé ní oṣù Kẹta ọdún 2021, a wò ó. Apá tó pọ̀ nínú ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wà ní abúlé kan tí àwọn tó sá fún àjálù ti ń gbin ìrẹsì. Àwọn ọmọ kíláàsì Shinji ti di bàbá ọmọ, wọ́n ń tún ilé ṣe, wọ́n ń wo aláìsàn. Kò sẹ́ni tó fi dandan mú un jà. Wọ́n gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ títí tó fi lè jẹ ẹ́. Lẹ́yìn gbogbo ìjà, bàbá àti ọmọ wá jókòó sọ̀rọ̀, èyí tó yẹ kí wọ́n ti sọ láti ìpín kìíní, fíìmù sì parí sí ibùdókọ̀ ojú irin kan ní Ube, ìlú tí Anno fúnra rẹ̀ ti wá. Anno jẹ ọmọ yẹn ní ìdàgbàsókè. Ọdún 26 ló gbà á láti san án. A fa ọ̀rọ̀ wa sẹ́yìn.

Níbi tí a bá a dé yìí ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ ti bi wá ní ìbéèrè tí a kò rò tẹ́lẹ̀. Ó ní, ṣé kò sí fíìmù tó jẹ gbèsè tó tóbi, tí kò sì gbọ́dọ̀ san án?

Ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ Ghibli ni ọkàn wa lọ, èyí tí Hayao Miyazaki, Isao Takahata àti Toshio Suzuki dá sílẹ̀ ní 1985. Wọn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe apá kejì. Spirited Away ti ọdún 2001 gba ẹ̀bùn Oscar ní 2003, bí wọ́n bá fẹ́, wọn ì bá ti ṣe márùn-ún sí i. Miyazaki fúnra rẹ̀ fẹ́ ṣe apá kejì Ponyo nígbà kan, Suzuki ló rọ̀ ọ́ kó ṣe The Wind Rises dípò rẹ̀, fíìmù náà sì jáde ní 2013. Èyí tó súnmọ́ apá kejì jù ni The Cat Returns ti 2002, tó mú ológbò akọni inú Whisper of the Heart ti 1995 jáde. Yoshifumi Kondo tó darí ti 1995 ti kú ní 1998, ní ẹni ọdún 47, ẹlòmíràn ló sì ṣe ti 2002. Ó dùn, ó fúyẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá wò ó tán, Kondo ni a máa ń rántí.

Fíìmù tí ọmọbìnrin yẹn ń béèrè ni Grave of the Fireflies, ìyẹn Ibojì Àwọn Tanátaná, tí Takahata ṣe ní 1988. Ìlú Kobe ni, ọdún 1945, ọkọ̀ òfúrufú Amẹ́ríkà ń sọ iná sílẹ̀. Ìyá Seita àti Setsuko jóná kú. Seita jẹ́ ọmọ ọdún 14, àbúrò rẹ̀ obìnrin jẹ́ mẹ́rin. Wọ́n lọ sọ́dọ̀ ìbátan kan tó ń wọn oúnjẹ fún wọn pẹ̀lú èébú, wọ́n kúrò, wọ́n ń gbé nínú ihò kan lẹ́bàá odò. Ebi pa Setsuko títí ó fi kú. Ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù gan-an ni Seita ti sọ ọjọ́ tí òun náà kú fún wa, kí ẹnikẹ́ni má baà fọkàn sí i pé yóò dára. Akiyuki Nosaka ló kọ ìtàn náà ní 1967. Àbúrò tirẹ̀ kú fún ebi ní ọdún 1945 yẹn, òun yè. Ó sọ pé òun kò ṣe dáadáa sí àbúrò òun bí Seita ti ṣe. Takahata náà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí iná sọ lu Okayama, òun àti arábìnrin rẹ̀ kan sá jáde pẹ̀lú aṣọ ìsùn.

A fi fíìmù yìí sí i ní ilé ọ̀rẹ́ wa kan ní ọjọ́ Àìkú kan. Màmá rẹ̀ wọlé láti wá mú nǹkan, wọn kò sì jáde mọ́. Wọ́n dúró lórí ìdúró. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ mọ ohun tí ojú wa rí ní ìlú yìí ní oṣù Kejì ọdún 2000. Màmá yìí wà lára àwọn tó kó ọmọ sá lọ sí bárékè, ọmọ mẹ́ta, àti agolo mílíìkì kan tí wọ́n ń fi omi là díẹ̀díẹ̀ fún èyí àbígbẹ̀yìn. Nígbà tí Setsuko ń gbọn agolo súìtì rẹ̀ tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́, Màmá jókòó. Nígbà tó parí, wọn kò sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kejì ni wọ́n pè wá. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, fíìmù àná yẹn, ṣé apá kejì rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín?"

A ní, "Rárá, mà. Kò ní apá kejì."

Wọ́n ní, "Ẹ lọ béèrè dáadáa. Ọmọ yẹn kò lè kàn kú báyẹn."

A kò rí èsì fọ̀. Òfin wa tí a fi ń dá ẹjọ́ kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Fíìmù náà jẹ Màmá ní gbèsè, gbèsè ọmọ ọdún mẹ́rin, kò sì sí owó tí a lè fi san án láìparọ́. Bí ẹnì kan bá gbìyànjú rẹ̀, tí ó ní Setsuko yè níbì kan, yóò ti sọ ikú àbúrò Nosaka di eré. Apá kejì ìtàn yẹn ni ayé tí Nosaka gbé fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn rẹ̀, títí tó fi kú ní 2015.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Màmá kò fi wá lọ́rùn sílẹ̀, òun ló sì mú wa rántí ohun kan tí a ti mọ̀ tipẹ́ tí a kò tíì rò. Ọjọ́ kan náà, ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún 1988, ni Ghibli gbé Grave of the Fireflies jáde pẹ̀lú My Neighbor Totoro ti Miyazaki. Wọ́n jọ ń fi wọ́n hàn pọ̀ ní sinimá ni, ẹni tó bá wo ọ̀kan á wo èkejì. Mei, àbúrò inú Totoro, ọmọ ọdún mẹ́rin ni òun náà. Ìyá òun náà kò sí nílé, ilé ìwòsàn ni ó wà. Òun náà ń gbé àgbàdo kan káàkiri bí Setsuko ti ń gbé agolo súìtì. Ó sọnù. Wọ́n rí bàtà ọmọdé kan nínú adágún omi, gbogbo abúlé jáde, arúgbó kan di bàtà náà mú, ó ń gbàdúrà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sáré dé, ó wo bàtà, ó ní kì í ṣe ti Mei.

Totoro ní apá kejì kékeré kan ní tòótọ́, bíi ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, tí wọ́n ṣe ní 2002, ibi ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí Ghibli tó wà ní Mitaka, ní Tokyo, ni wọ́n sì ṣe é fún. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò tíì dé ibẹ̀. Kò sí nínú àwo kankan. Inú wa dùn pé kò sí.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, a gbé Totoro lọ sí ilé Màmá. A kò sọ pé apá kejì ni, a kò sì sọ pé kì í ṣe òun. Iná lọ nígbà tí wọ́n ń wá Mei kiri, ọ̀kan nínú wa sáré jáde lọ tan jẹnẹrétọ̀. Màmá wà nínú òkùnkùn, wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ àwa tó kù.

"Ṣé wọ́n rí i?"

"Wọ́n rí i, mà."

"Láàyè?"

"Láàyè ni, mà. Ó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, àgbàdo rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀."